"Imbibe": ta ló ń mu, kí ló sì ń mu?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Kubwa ni mò ń gbé ní Àbújá, ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni mo sì ti ń ṣiṣẹ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀gá wa fi mẹ́mò ránṣẹ́ sí gbogbo òṣìṣẹ́ pé: 'All staff are enjoined to imbibe the culture of punctuality.' Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an, ọmọ mi tó wà ní JSS3 mú iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ wá, mo rí i pé ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé imbibe ni kéèyàn máa mutí. Mo fa igi lé e, mo ní kó kọ 'kéèyàn kọ́ àṣà kan'. Olùkọ́ fún un ní òdo, ó ní mutí ló tọ̀nà. Aládùúgbò wa kan tó jẹ́ Haúsá gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, ló bá ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ pé ṣé ọ̀gá wa ní ká lọ máa mutí níbi iṣẹ́ ni. Èwo ló tọ̀nà nínú méjèèjì? Báwo ni mo sì ṣe lè máa lo ọ̀rọ̀ náà tí wọn ò fi ní fi mí rẹ́rìn-ín?"

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé, màmá. Ọmọ yín gbà á, ẹ̀yin náà gbà á. Òdo yẹn ni kò tọ́ sí ẹnikẹ́ni nínú yín. Ìtumọ̀ mẹ́ta ni imbibe ní tí èèyàn lè bá pàdé lónìí. Ọ̀kan ni mímu, pàápàá mímu ọtí. Ìkejì ni kí ìmọ̀, èrò tàbí ìwà wọ èèyàn lára. Ìkẹta ni kí ohun gbígbẹ fa omi mu. Ìkẹta yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ka kún, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, ní nǹkan bí ìparí ọ̀rúndún kẹrìnlá. Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ wọ ọ̀rọ̀, torí ẹni tó bá mọ èyí kò ní ṣi àwọn méjì yòókù lò mọ́.

Ẹ da ẹ̀wà gbígbẹ sómi lálẹ́, kí ẹ bò ó. Tí ẹ bá ṣí i láàárọ̀, omi ti fà nínú abọ́, ẹ̀wà ti wú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì bó ṣe wà lánàá, èèpo rẹ̀ sì ti ń bó fúnra rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò rọ ọ́ lómi. Ẹ̀wà ò ní ọ̀fun. Omi gba ihò tín-ín-rín kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ẹ̀wà wọlé, ó tún ń gba ara èèpo, purotéènì àti sítáàṣì inú rẹ̀ sì ń fà á mọ́ra títí tí gbogbo rẹ̀ fi rọ̀. Àwọn onímọ̀ ewéko ń pe ohun tó ṣẹlẹ̀ yẹn ní imbibition, òun sì ni ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ tí irúgbìn máa ń gbé kó tó hù. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù níbẹ̀ ni pé ẹ̀wà tó ti kú, tí kò lè hù mọ́ láéláé, náà máa ń mu omi bẹ́ẹ̀, á wú dáadáa. Ilẹ̀kùn pákó tó ń há mọ́ férémù lásìkò òjò náà, omi ló mu.

Ohun tí ẹ̀wà yẹn ń kọ́ wa nípa ọ̀rọ̀ yìí ni pé ohun tó wà níta ló ń wọlé, díẹ̀díẹ̀ ló sì ń wọlé. Pabanbarì rẹ̀ ni pé ẹni tí nǹkan wọ inú rẹ̀ ni olùwà ọ̀rọ̀-ìṣe náà. Ẹ̀wà ló imbibe. Ẹ̀yin tí ẹ da omi sí i kọ́. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sọ̀rọ̀ lórí pèpéle ní Àbújá ti ń ṣubú.

Látìnì ló ti wá. Bibere ni wọ́n ń pe mu, in- sì ni sínú. Nígbà tí in- bọ́ síwájú b, n rẹ̀ di m. Àwa Yorùbá kò gbọdọ̀ fi ìyẹn ṣe àdììtú, torí a ń ṣe é lójoojúmọ́: a ń kọ "ó ń bọ̀", ṣùgbọ́n ètè wa ti pàdé kí b tó jáde, m ni etí ń gbọ́. Àwọn tó ń kọ Yorùbá láyé àtijọ́ tilẹ̀ máa ń kọ ọ́ ní "mbọ̀" gbáà. Nítorí náà, ẹni tó bá kọ inbibe ti ṣì í, ẹni tó kọ embibe ti ṣì í, ìkọ̀wé imbide tí mo sì ń rí lórí páálí ìpolówó kì í ṣe ọ̀rọ̀ kankan. Bevereji náà, ìyẹn beverage tí wọ́n ń kọ sára ilé ìtajà, ìdílé bibere yìí ló ti wá, ó kàn gba ọ̀dọ̀ àwọn Faransé kọjá ni.

Ní ti pípè rẹ̀, ìdajì kejì ni kí ẹ tẹ̀ mọ́, im-BÁÍB, kó bá bribe àti tribe dọ́gba lẹ́nu. Ẹ má pè é ní im-BÍÌB. Bí ẹ bá ń gbàgbé, òṣìṣẹ́ ìjọba kì í ṣàì mọ bí wọ́n ṣe ń pe bribe. Tó bá ti ṣẹlẹ̀ kọjá, ó di imbibed. Tó bá ń lọ lọ́wọ́, ó di imbibing, e ti jáde. Ẹni tó ń mutí ni imbiber. "Imbibation" tí àwọn kan ń sọ nígbà tí wọ́n bá fẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ, kò sí nínú ìwé atúmọ̀ èdè. Imbibition wà lóòótọ́, àmọ́ ti ẹ̀wà àti àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ni, ẹ má gbé e lọ sí ìpàdé òṣìṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí ọtí tí olùkọ́ dì mú. Tí wọ́n bá lo imbibe láìsí àbọ̀ kankan, ìyẹn ohun tí wọ́n ń mu, lẹ́yìn rẹ̀, ọtí ni wọ́n ń sọ. "Do you imbibe?" kò bi yín bóyá ẹ ti mu omi láàárọ̀. Ó ń bi yín bóyá ẹ máa ń mutí. Èdè tiwa náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Tí wọ́n bá ní "Ọkùnrin yẹn máa ń mu", tàbí "Òun kì í mu", ẹnikẹ́ni kò ní béèrè pé kí ló ń mu, bí ẹni pé ó lè jẹ́ kunu tàbí zobo. Haúsá náà ní "yana sha", ìyẹn "ó máa ń mu", kẹ́kẹ́ pa. Ìdí nìyẹn tí aládùúgbò yín fi rí àwàdà nínú mẹ́mò yẹn kíá. Etí rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n láti ilé pé mu tí kò ní àbọ̀, ọtí ni. Ohun tó gbójú fò ni pé imbibe inú mẹ́mò náà ní àbọ̀, culture sì ni àbọ̀ náà, kì í ṣe bíà.

Ẹ ṣọ́ra fún ipò tí ọ̀rọ̀ náà wà, nítorí kò wà fún gbogbo ẹnu. Ọ̀rọ̀ ìwé ni, tàbí ọ̀rọ̀ àwàdà láàárín àwọn tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa. Ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ ní Berger lọ́sàn-án gangan, tó ra omi pọ́ọ̀-wọ́tà méjì, kò imbibe. He drank. Tẹ́ ẹ bá kọ "He imbibed two sachets of water", ẹ ti mú ẹni tó ń kà á rẹ́rìn-ín, yálà ẹ fẹ́ bẹ́ẹ̀ tàbí ẹ ò fẹ́. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ mìíràn fún bí ohun mímu ṣe ń gba ọ̀fun kọjá. Ẹ wo àwọn tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú mai shayi, ìyẹn ẹni tó ń ta tíì, lálẹ́. Ẹni tó ń fi ètè tọ́ tíì gbígbóná wò díẹ̀díẹ̀ ń sip. Ẹni tó ń fà á tí ariwo rẹ̀ ń dún fùrùrù ń slurp. Ẹni tó ti tutù fún, tó gbé ife sókè tó dà á sọ́fun lẹ́ẹ̀kan, ó gulp. Swig ni kéèyàn gbé ìgò fúnra rẹ̀ sẹ́nu, kó mu ún ní ẹ̀ẹ̀kan tó nípọn. Quaff ni kéèyàn mu púpọ̀ pẹ̀lú ìgbádùn, bí ẹni tó wà ní àríyá. Inú ìwé ló kù sí báyìí, ẹnu kì í sáábà pè é. Guzzle ni ti ọ̀fun tí kò nísàlẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe mọ́tò tó ń mu epo jù ní fuel guzzler. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí imbibe lè gba iṣẹ́ rẹ̀ ṣe, torí imbibe kò sọ bí a ṣe mu ún, pé ó wọnú ló ń sọ.

Ó kù síbì kan tí ìtumọ̀ ọtí yìí ti lè kó èèyàn sí wàhálà, pàápàá lápá Àríwá níbí. Láti nǹkan bí ọdún 2000 tí Zamfara ti bẹ̀rẹ̀ ni ìpínlẹ̀ 12 ti mú Ṣàríà wọ inú òfin ìwà ọ̀daràn wọn, ọtí sì ti di ọ̀rọ̀ tí wọn kì í fi ṣeré ní ibi púpọ̀. Ẹ sọ pé ẹ ń kọ ìwé ẹ̀rí ìwà fún òṣìṣẹ́ kan tó ń lọ síṣẹ́ ní Kano tàbí Sokoto, ẹ wá fẹ́ sọ pé ó ti gba ìwà rere ilé iṣẹ́ yín sára. Ẹ kọ "He has imbibed the values of this office", ó dára. Ṣùgbọ́n tí ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ bá já gbólóhùn náà sí méjì, tí ó wá di "He has imbibed in this office", ẹ ti fi òǹtẹ̀ yín sí i pé ọmọ náà mutí ní ọ́fíìsì. Ọ̀rọ̀ kékeré tí ń jẹ́ in ló ṣe gbogbo ìyẹn. Tó bá jẹ́ pé ohun tí ẹ fẹ́ sọ ni pé kì í mutí, ẹ kọ "He does not drink alcohol", kí ó yé akọ̀wé, kó yé ọ̀gá, kó sì yé ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀.

Mo mọ̀ pé ìtumọ̀ kejì gan-an ni ẹ fẹ́ gbọ́, torí òun ló wà nínú mẹ́mò. Imbibe ìwà tàbí ìmọ̀ jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì tó dáa, kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì Nàìjíríà nìkan bí àwọn kan ṣe ń sọ. Àwọn tó ni èdè náà ń lò ó. Ibi tí wọ́n ti ń lò ó ni àwa kì í sáábà wò. Ẹ ka gbólóhùn yìí: "She imbibed her love of trading from her grandmother." Ọmọbìnrin náà kò jókòó sí kíláàsì ìyá àgbà. Ó ń tẹ̀ lé e lọ sọ́jà Wuse, ó ń gbọ́ bó ṣe ń ná ọjà, bó ṣe ń ka owó, bó ṣe ń fi ọ̀rọ̀ dídùn dá oníbàárà tó ti ń lọ padà. Nígbà tó fi máa mọ̀, òun náà ti di oníṣòwò. Ohun tí wọ́n mu pa pọ̀ mọ́ ọmú ìyá ni Gẹ̀ẹ́sì sábà máa ń lo imbibe fún. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Sabon Gari ní Kano, tó jẹ́ pé "kai!" ló ń ti ẹnu rẹ̀ jáde kí ó tó sọ "háà!", imbibe ló ṣe. Kò sẹ́ni tó ní kó ṣe é.

Ó sì lè jẹ́ ohun búburú. "He imbibed his father's hatred of strangers" jẹ́ gbólóhùn tó péye. Àwọn olóṣèlú wa kì í lò ó bẹ́ẹ̀, lẹ́nu wọn ohun rere nìkan ni wọ́n ń imbibe: àlàáfíà, ìṣọ̀kan, àṣà ìwé kíkà, àṣà ìfowópamọ́. Òwe wa tó ní àgùntàn tó bá bá ajá rìn á jẹ ìgbẹ́, imbibe ni kókó rẹ̀ látòkèdélẹ̀, ẹ ò sì rí ohun rere kankan níbẹ̀.

Ẹ fi ojú yìí wo mẹ́mò ọ̀gá yín. Tí ẹ bá mú ìwé atúmọ̀ èdè, kò ṣẹ̀ sí òfin kankan: imbibe ní àbọ̀, culture jẹ́ ohun tó lè wọni lára. Síbẹ̀ gbólóhùn náà ń dún bí ọkọ̀ tí bẹ́líìtì rẹ̀ ti gbẹ. Ìdí ni pé ohun tó ń wọ èèyàn lára díẹ̀díẹ̀, láìmọ̀, kò ṣe é fi mẹ́mò pàṣẹ. Ẹ lè pàṣẹ fún òṣìṣẹ́ pé kó dé ní aago mẹ́jọ. Ẹ ò lè pàṣẹ fún un pé kí àṣà tètè-dé wọ̀ ọ́ lára láti ọjọ́ Ajé. Enjoined tó ṣáájú rẹ̀ tún mú kó burú sí i, torí gbígba èèyàn níyànjú ló dún bí. Òṣìṣẹ́ tó fẹ́ pẹ́ dé á kà á, á ní wọ́n kàn gba òun níyànjú ni. Mẹ́mò tó ní aago nínú á ṣiṣẹ́ jù ú lọ:

"All staff must be at their desks by 8 a.m. from Monday. Lateness will be recorded."

Kò sí imbibe níbẹ̀, kò sí culture, ohun tí ọ̀gá fẹ́ sì wà níbẹ̀ pátá. Tó bá jẹ́ pé ìwà fúnra rẹ̀ lẹ fẹ́ dárúkọ, kì í ṣe aago, ẹ lo adopt tó bá jẹ́ ohun tí wọn yóò dìde gbà lẹ́ẹ̀kan, bí ẹni gba ọmọ tọ́. Ẹ lo cultivate tó bá jẹ́ ohun tí wọn yóò máa tọ́jú bí ẹni ń ro oko. Make it a habit náà ń bẹ, ó rọrùn, ẹnikẹ́ni kò sì lè fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Àṣìṣe tó burú ju ti ọ̀gá yín lọ wà, ẹ ó sì máa gbọ́ ọ lójoojúmọ́ bí ẹ bá ti mọ̀ ọ́n. Wọ́n á ní: "Youths should inculcate the habit of reading." Ẹlòmíràn á yí i padà: "Parents should imbibe honesty into their children." Méjèèjì ló dojú rú. Inculcate ti wá láti inú ọ̀rọ̀ Látìnì fún gìgísẹ̀: fífi gìgísẹ̀ tẹ nǹkan wọlẹ̀, bí àwọn tó ń fẹsẹ̀ po amọ̀ ilé, kí wọ́n máa tẹ̀ ẹ́ ní àtẹ̀túntẹ̀ títí tó fi mú. Ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ ni olùkọ́ tàbí òbí, amọ̀ ni ọmọ. Nítorí náà ọ̀dọ́ kò lè inculcate ìwé kíkà fúnra rẹ̀, àfi tó bá ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹlòmíràn lórí. Imbibe sì rèé, ọmọ ló ń mu, òbí kò lè bá a mu ún. Tí ẹ bá ní òbí imbibe òótọ́, òbí ni òótọ́ wọlé sí nínú, ọmọ kò rí nǹkan kan gbà.

Lójú tèmi, kọ́ tiwa ló ń dá wàhálà yìí sílẹ̀ lórí ahọ́n Yorùbá. Ẹni tó ń kọ́ ìwé, kọ́ ló ń kọ́. Ẹni tó ń kọ́ ọmọ níwèé, kọ́ náà ló ń kọ́. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà ló ń ṣe iṣẹ́ àwọn méjèèjì, ọ̀rọ̀ kékeré "ní" tó wà láàárín ló ń yà wọ́n: "ọmọ kọ́ ìwà" yàtọ̀ sí "wọ́n kọ́ ọmọ ní ìwà". Tí a bá wá gbé èyí lọ sínú Gẹ̀ẹ́sì, ọwọ́ wa kàn ń bá ọ̀rọ̀ tó sún mọ́ jù ni, a kì í yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ẹni tó ń gbà ni tàbí ẹni tó ń fúnni. Ṣùgbọ́n "ní" kékeré yẹn náà lè gbà wá. Ẹ kọ́kọ́ sọ gbólóhùn yín ní Yorùbá. Bí ó bá gba ní, tí ẹnìkan ń kọ́ ẹnìkejì ní nǹkan, inculcate tàbí instil lẹ nílò. Bí kò bá gba ní, tí ẹni náà kàn kọ́ ọ tàbí tí ó mọ́ ọn lára, imbibe ló kàn. "Wọ́n kọ́ àwọn ọmọ ní òótọ́": "They instilled honesty in the children." "Àwọn ọmọ kọ́ òótọ́ lára àwọn òbí wọn": "The children imbibed honesty from their parents." Ẹ rí i pé from ló ń tọ́ka sí ibi tí nǹkan náà ti wá, in ló sì ń tọ́ka sí inú ẹni tí wọ́n fi sí.

Instil tí mo dárúkọ yẹn, ọmọ omi lòun náà. Ọ̀rọ̀ Látìnì fún ẹ̀kán omi ló wà nínú rẹ̀, bí ìgbà tí nọ́ọ̀sì ń kán oògùn sójú aláìsàn ní ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan. Àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì ń kọ ọ́ pẹ̀lú l kan, Amẹ́ríkà ń kọ méjì, ẹ mú ọ̀kan kí ẹ má sì dà wọ́n pọ̀ nínú ìwé kan. Imbue náà wà, ó jọ imbibe lójú, ó sì máa ń ṣi èèyàn lọ́nà. Rírẹ nǹkan sínú omi tàbí sínú àwọ̀ ni, bí aṣọ tí wọ́n rì sínú kòtò aró ní Kofar Mata ní Kano. Aṣọ ló kọ́kọ́ ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀-ìṣe náà, aró á wá tẹ̀ lé with: "She imbued her speech with sadness." Ẹ ò lè imbue ìwà sínú èèyàn. Èèyàn lẹ ń imbue, pẹ̀lú ìwà.

Ẹ tún kíyè sí àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tó ń lẹ̀ mọ́ imbibe láìnídìí. Kò sí "imbibe about", kò sí "imbibe on", "imbibe of" sì dún bíi Bíbélì àtijọ́. Àbọ̀ rẹ̀ ń tẹ̀ lé e ní tààrà: imbibe ideas, imbibe values, imbibe knowledge. Bí ẹ bá sì ti lò ó lẹ́ẹ̀kan nínú ọ̀rọ̀ kan, ẹ jọ̀wọ́, ó tó. Mo ti ka ọ̀rọ̀ ìṣíde tó ní mẹ́rin nínú ojú ìwé kan, ó ṣe mí bíi kí n lọ bá wọn ra omi.

Ní ti àwọn tó ń ka ìròyìn tàbí tó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ àwọn aláṣẹ sí Yorùbá, ẹ má kọ "kí àwọn ọ̀dọ́ mu àṣà ìwé kíkà". Mu wa gbòòrò, ó gba omi, ó gba gààrì, ó gba ọsàn, ó gba sìgá, ó gba àgbo. Ti Haúsá tiẹ̀ tún fẹ̀ jù ú lọ: sha gba oògùn, ó gba máńgòrò, ó sì gba ìyà pẹ̀lú. Wọ́n ní sha wuya níbi tí àwa ti ní a jẹ ìyà. Ṣùgbọ́n mu wa kò gba àṣà. Ohun tí a ń sọ ni pé kí ó mọ́ wọn lára, kí ó wọ̀ wọ́n lára, kí wọ́n gbà á sára. Tí ó bá jẹ́ ohun tó ti ara ẹlòmíràn wá láìmọ̀, ràn ló bá a mu jù: "ìwà àwọn ará ibẹ̀ ti ràn án". Ẹ yẹra fún bárakú, torí ìwà burúkú tí kò ṣe é fi sílẹ̀ ló wà fún. Ní ìdàkejì, ẹ má gbé ìgbòòrò mu lọ sínú Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó ń mu sìgá ń smoke, ẹni tó ń mu ọsàn ń suck, ẹni tó lo oògùn take it. Imbibe kò sí nínú ọ̀kankan.

Ó ku iṣẹ́ àṣetiléwá. Nínú ìdánwò, pàápàá irú ti JAMB níbi tí wọ́n ti ń béèrè ọ̀rọ̀ tó sún mọ́ ọn jù tàbí tó lòdì sí i, gbólóhùn ló ń sọ ìtumọ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ nìkan. Bí wọ́n bá kọ "The boy imbibed the values of his community", absorbed ló sún mọ́ ọn, rejected ló lòdì sí i. Ẹni tó mú drank níbẹ̀ ti pàdánù máàkì kan. Bí wọ́n bá kọ "My uncle imbibes only at weekends", drinks ló sún mọ́ ọn, abstains ló lòdì sí i. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ lásán ni olùkọ́ kọ síbẹ̀ láìsí gbólóhùn, kí ọmọ yín kọ ìtumọ̀ méjèèjì, kí ó fi gbólóhùn kọ̀ọ̀kan gbè é lẹ́sẹ̀. Èyí tí ẹ bá a kọ, "kéèyàn kọ́ àṣà kan", ẹ jẹ́ kí ó tún un ṣe díẹ̀, kó di "kí ìmọ̀, èrò tàbí ìwà wọ èèyàn lára", torí ẹni tó bá pinnu láti kọ́ nǹkan lè learn rẹ̀ láìjẹ́ pé ó imbibe rẹ̀.

Tí ẹ bá máa lọ rí olùkọ́ náà, ẹ mú ìwé atúmọ̀ èdè dání, kí ẹ ti fi ìwé pélébé sí ojú ibi tí imbibe wà. Ẹ kí i dáadáa kí ẹ tó ṣí i. Kí ẹ jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ ka ìtumọ̀ kìíní àti ìkejì sókè, kí ọmọ má sí níbẹ̀.